Tòhíbù, Má Bẹ Adájọ́

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ, 2025

Wọ́n ti dá ẹjọ́ Tòhíbù. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún lé e kúrò nílẹ̀ Emirates padà sí Nàìjíríà. Wọ́n ní wọ́n ti lé e lọ ní 2020, ó tún padà wọlé láìgbàṣẹ. Wọn ò bi í pé ta ló sọ fún un pé ọ̀nà ti là. Wọn ò sì béèrè ìyàwó rẹ̀, èmi tí ikùn mi ń ṣáájú mi wọ metro.

Mi ò sunkún o. Mo padà sí Al Barsha, mo wọ yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń ká táwẹ̀lì títí ọ̀gá mi ará Filipíìnì fi ní, "Wumi, sit down, baby is tired." Mo ní kò rẹ baby, èmi ló rẹ̀. Nígbà tó yá mo lọ sí ilé ìtọ̀, mo lọ sunkún níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa lókè yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní pa á rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

Ọ́fíìsì lọ́yà. Lọ́yà fúnra rẹ̀ kì í bá irú èmi sọ̀rọ̀, Ustaz Hisham ará Íjíbítì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń gbọ́ tiwa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí wọ́n gbé omi àti dàbínù wá fún mi nítorí oyún. Ó ní ká tètè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àti pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún wa: ká fi hàn pé Tòhíbù ò mọ̀ pé òfin ṣì de òun. Ìwé tí wọ́n ní kó tẹ̀ka sí nígbà tí wọ́n ń lé e lọ, Lárúbáwá ni látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á fún un. Ẹ́jẹ́ǹtì ní Ìsẹ́yìn sì sọ fún un pé ọdún kan péré ni ban yẹn, ó ti kọjá. Ó gba Muscat wọlé pẹ̀lú visa gidi. Nígbà tó ríṣẹ́ sẹ̀kíọ́rítì, òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gbé ojú sí ẹ̀rọ tó ń ya ẹyinjú fún káàdì Emirates ID, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti dá a mọ̀.

"A man who is hiding," Hisham ní, "will he bring his eye to the machine by himself? This is good for us, madam."

Inú mi dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí fáìlì kóòtù, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́. "But why did he confess?"

Mo ní confess kẹ̀? Ó kà á sí mi létí. Nígbà tí adájọ́ ní kó sọ tẹnu rẹ̀, Tòhíbù ní: please sir, I am begging you, forgive me, it will not happen again.

Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu mi. Hisham ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́! Ohun tí gbogbo wa ń sọ láti kékeré kí pàṣán tó balẹ̀ nìyẹn, yálà àwa la ṣe é tàbí àwa kọ́. Ọkọ mi nìyí tí ọkùnrin kan fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbá lẹ́sẹ̀ ní ọjà Rolla, tí èékánná rẹ̀ ṣí, tó ń sọ fún ẹni tó gbá a pé "sorry sir, no vex." Bí àgbàlagbà bá ti lejú níwájú rẹ̀ báyìí, ẹ̀bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá yá ló máa tó béèrè ohun tó ṣe.

Mo sọ fún Hisham pé in our place, begging is not confession.

Ó ní, "In court, madam, it is."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

Ìyá ọkọ mi pè láti Ìsẹ́yìn. Kí n tó kí wọn tán: "Wùmí, ṣé ó bẹ̀ wọ́n?"

"Ó bẹ̀ wọ́n, Màmá. Ìyẹn gan-an ló kó bá a."

"Kò tíì bẹ̀ wọ́n tó nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ẹ̀bi ara rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Sọ fún un kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja."

"Màmá, lọ́yà ní kó má bẹ ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ṣé lọ́yà ló bí i ni?"

Mo ní ó dáa, mà, mo ti gbọ́, mà. Mo tètè pa fóònù kí n tó sọ ohun tí kò yẹ kí ìyàwó ilé sọ.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹjọ

A ti pe ẹjọ́ náà. Wọ́n ti gba ìwé wa wọlé. Tòmátì ti gbówó lórí lọ́dọ̀ ará Íńdíà tó ń tajà nísàlẹ̀ ilé wa, Bhai là ń pe gbogbo wọn, ó ní nítorí ooru ni. Ooru yìí! Dígí bọ́ọ̀sì ń làágùn, èmi náà ń làágùn.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹjọ

Tòhíbù pè látinú ẹ̀wọ̀n. "Ṣé o ti jẹun?" ló kọ́kọ́ bi mí. Ẹni tó wà ní àhámọ́ ló ń béèrè bóyá ẹni tó wà níta ti jẹun. Mo ní kó fi ti oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n máa tó já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Adájọ́ bi ẹ́ pé ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti bàn ẹ́. Kí lo máa sọ?"

"Màá ní no sir, I did not know sir."

"O káre. Ó wá ní kí ló dé tó o fi sọ fún kóòtù àkọ́kọ́ pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Màá ní it is how we show respect in my language sir. But if I have offended anybody…"

"Tòhíbù!"

"Má bínú, má bínú."

"Èmi náà lo tún ń bẹ̀ yẹn!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Wùmí, tí àgbàlagbà bá ń wò mí, tí mo wá dúró gbagidi síbẹ̀ tí mò ń dá a lóhùn, ara mi kì í gbà á."

Mo ní kó sọ fún ara ẹ̀ kó gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n já wa sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ sí Al Warqa lọ kí Ẹ̀gbọ́n Adéoyè. Àwọn ni wọ́n san ìdajì owó lọ́yà, n kò gbọdọ̀ gbàgbé. Báńkì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, àwọn náà sì ni alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Nàìjíríà níbí. AC ilé wọn tutù débi pé ọmọ inú mi sinmi jẹ́.

Wọ́n ti kọ lẹ́tà kan lórúkọ ẹgbẹ́, wọ́n fẹ́ kí a fi ránṣẹ́ sí kóòtù. Ìlà àkọ́kọ́: on bended knees we plead. Mo ní Ustaz Hisham ò fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ kankan tún wọnú fáìlì náà.

"Wùmí, mo ti pẹ́ nílùú yìí. These people have mercy. You just have to know how to approach them."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀bẹ̀ ló kó bá a lákọ̀ọ́kọ́."

"Ẹ̀bẹ̀ kì í kó bá èèyàn."

Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀, ojú wọn sì yí padà. Wọn ò wò mí mọ́. Kí ni kí n ṣe? Mo fi ọwọ́ kan di àga mú, mo fi ọwọ́ kejì gbé ikùn mi, mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ dákun, Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ni wá, ẹ má fọwọ́ lẹ́rán kẹ́ ẹ máa wò wá. Wọ́n ti rẹ́rìn-ín kí orúnkún mi tó kan kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní dìde, dìde, kò sí wàhálà, wọ́n sì ní àwọn máa bá mi dé kóòtù.

Ní Al Warqa, ó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Kílíníìkì. Ọmọ ti yí orí sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè bàbá rẹ̀, mo ní ó rìnrìn àjò. Kì í ṣe irọ́ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Inú mi dùn! Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé inú mi dùn lónìí.

Fikáyọ̀ tí a jọ ń gbé yàrá, tí bedspace rẹ̀ wà lókè tèmi, ló rántí fóònù Tòhíbù àtijọ́, èyí tó ti fọ́ lójú tí kò sì tàn mọ́. Ó ní ṣebí orí ìyẹn ló ti máa ń bá ẹ́jẹ́ǹtì yẹn sọ̀rọ̀. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Rolla. Ọkùnrin ibẹ̀ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Sister, this one khalas, finish." Fikáyọ̀ ní, "Bhai, try first. Try!" Ó pààrọ̀ ojú rẹ̀, fóònù sì tàn. A jókòó sórí páálí omi tí wọ́n tò síbẹ̀, a ń gbọ́ ohùn ẹ́jẹ́ǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi kan èyí tí a ń wá. Oṣù Kejìlá tó kọjá ló fi ránṣẹ́: "Tòhíbù, ọ̀rọ̀ ban yẹn, fọkàn ẹ balẹ̀. One year ni, ó ti expire. Gba visa, máa bọ̀."

Fikáyọ̀ gbá mi mọ́ra débi tí ọmọ fi ta mí nípàá. Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti túmọ̀ ohùn ẹ́jẹ́ǹtì sí Lárúbáwá, ó ti wọ fáìlì. Hisham ní, "Now we have a case. Only, please, tell him." Mo ní mo ti ń sọ fún un. Ó ní kí n tún sọ.

Tòhíbù pè nírọ̀lẹ́. Mo tún sọ. Ó dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀ geere láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n má fún ọmọ lórúkọ kankan lọ́kàn mi o, kí n dúró de òun. Mo ní màá dúró. Lẹ́yìn ìpè náà ni mo lọ wo aṣọ ọmọ ní ọjà Rolla fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀la ni. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Kóòtù tutù bí inú fíríìjì. Súwẹ́tà Fikáyọ̀ ni mo wọ̀, kò padé níwájú. Ẹ̀gbọ́n Adéoyè wá nínú súùtù àti táì bí ẹni tó ń lọ ìgbéyàwó. Wọn ò gbé Tòhíbù wá. Ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tó wà lára ògiri ló ti yọ sí wa látinú ẹ̀wọ̀n, ó jókòó sórí àga oníke funfun. Ó ti rù. Wọ́n ti fá irun rẹ̀. Mo juwọ́ sí i bí òmùgọ̀, kò sì lè rí mi.

Adájọ́ mẹ́ta ni. Èyí tó wà láàárín ti dàgbà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ sì tutù. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kanra ni wọ́n gbé síbẹ̀, ọkàn mi ì bá balẹ̀.

Lọ́yà wa sọ Lárúbáwá tirẹ̀, kò gùn. Adájọ́ àgbà mú ìwé ẹ́jẹ́ǹtì yẹn, ó kà á, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi han ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Hisham sọ sí mi létí: "He is reading it twice. Good, good."

Ó wá kan Tòhíbù. Ògbufọ̀ béèrè pé ṣé ó mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ padà wá.

"No sir. I did not know sir."

Ó sọ ọ́ ketekete, kò mi, kò bẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n dìde pàtẹ́wọ́.

Adájọ́ tún béèrè ohun kan. Kò bínú béèrè rẹ̀, ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni. Ògbufọ̀ ní: kí ló wá dé tó o fi sọ fún kóòtù àkọ́kọ́ pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Ìdáhùn wà. A ti kọ́ ọ lórí fóònù bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ ewì. Tòhíbù lanu. Bóyá awò ojú adájọ́ ló ń yọ̀ ni o, bóyá kò gbọ́ dáadáa ni, mi ò mọ̀, ó sún mọ́ iwájú, ó sì fa ojú ro díẹ̀.

Mo rí ojú ọkọ mi. Mo mọ ojú yẹn. Mo fi ẹnu lásán sọ ọ́, ohùn ò jáde: Tòhíbù, má ṣe é.

Ó dìde lórí àga, ó sì pòórá. Àga funfun nìkan ló kù lójú tẹlifíṣọ̀n. Adájọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, mo rò pé ó ń béèrè ibi tí ọkùnrin náà wọlẹ̀ sí. Ohùn Tòhíbù ń bọ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí: "I am sorry sir. I'm begging you sir. Please forgive me, it will not happen again."

Ògbufọ̀ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bá a jà, ohun tó gbọ́ ló sọ. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́yà wa rọra pa fáìlì rẹ̀ dé, Hisham sì fi ọwọ́ bo iwájú orí.

Ẹ̀gbọ́n Adéoyè tẹ̀ sí mi létí. "Ó ṣe dáadáa," wọ́n ní. "Wọ́n máa ṣàánú ẹ̀."

Wọ́dà kan gbé Tòhíbù dìde, ó tún yọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó dà bí ẹni tó ti gbé ẹrù rẹ̀ sọ.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ síbi iṣẹ́. Mo ká táwẹ̀lì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ní ìdájọ́ àkọ́kọ́ dúró bó ṣe wà. Hisham ló pè mí nígbà tí mo wà nínú metro. Ó ní wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fúnra rẹ̀ tún jẹ́wọ́ níwájú àwọn. Mo béèrè bóyá kóòtù kan ṣì wà lókè èyí. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n rẹ̀ máa parí kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, wọ́n á sì ti gbé e lọ. "I will not take your money for nothing, madam." Ó tún ní òun kábàámọ̀. Mo gbà á gbọ́.

Mi ò sọ̀ kalẹ̀ ní Mall of the Emirates tó yẹ kí n sọ̀. Mo jókòó títí metro fi dé òpin ọ̀nà, tó sì yí padà. Inú ń bí mi sí Tòhíbù débi pé tó bá wà nítòsí ni, mo máa gbá a létí, lẹ́yìn náà ni mo máa dì mọ́ ọn.

Màmá pè. "Ẹjọ́ ńkọ́? Ṣé ó dọ̀bálẹ̀?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Màmá."

"Alhamdulillah. Ó ti parí nìyẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti parí.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n kó lè gbé e lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò mẹ́ta, bàtà, aṣọ funfun tó rà láti fi kó ọmọ jáde. Mo kọ́kọ́ yọ aṣọ funfun yẹn, mo tún dá a padà. Kí ló fẹ́ ṣe níbí, nínú àpótí mi? Èmi ò lè bá a lọ. Dọ́kítà ní mi ò gbọdọ̀ wọ bàálù mọ́ títí n ó fi bímọ. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Owó oṣù mi ni gbogbo wa ń jẹ, títí kan Màmá. Fikáyọ̀ ní òun máa gba òfì lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ bí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Fikáyọ̀ kọ́ ló fún mi lóyún.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Afẹ́fẹ́ ti ń tutù díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Mo wà ní ibùdókọ̀ Al Jubail nígbà tí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè.

"Wùmí, wọ́n ti kó wa dé airport. Ọlọ́pàá kan ló yá mi ní fóònù ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó yá mi."

Mo ní ó dáa. Mo ní ṣé ó ti jẹun. Ó ní wọ́n fún àwọn ní búrẹ́dì.

"Wọ́n tún ní kí n tẹ̀ka síwèé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n kà á fún mi. I tell dem say I no go sign wetin I no understand."

"O káre. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní títí láé ni."

Bọ́ọ̀sì mi dé, àwọn èèyàn ń tì mí kọjá. "Yalla, madam, yalla," awakọ̀ ní. Mo jẹ́ kó lọ.

Tòhíbù ní, "Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Bàbá adájọ́ yẹn, ojú ẹ̀ ti fẹ́ rọ̀. Ó dà bíi pé mi ò pẹ́ tó nílẹ̀ ni. Ká ní wọ́dà yẹn ò tètè gbé mi dìde ni." Ó wá ní, "Wùmí, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo bẹ̀ wọ́n dáadáa?"

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Gbogbo ohun tí mo ti ń tò jọ láti ọjọ́ kóòtù ló kóra jọ sórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n inú bàálù ló ń wọ̀ lọ, ilé ìyá rẹ̀ ló sì ń lọ jókòó sí.

Mo ní, "O bẹ̀ wọ́n dáadáa, Tòhíbù. Kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ọlọ́pàá ń béèrè fóònù rẹ̀.

"Má bínú, Wùmí," ó ní. "Dárí jì mí. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."